Mo Lọ Wá Òdòdó Lómi Ìjọ Aláṣọ Funfun

Ẹ̀yin ará Ìgbẹ́tì, mo ti dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi ìyá mi pé kí ni mo lọ ṣe ní ìpínlẹ̀ Èkó, tó sì ń dá yín lóhùn pé iṣẹ́ ìjọba ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí i. Òótọ́ ni mo sọ fún un kí n tó lọ. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní òun ò lè gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde síta. Òótọ́ náà ni pé mo lọ wá nǹkan kan tó jọ ìdọ̀tí ara ògiri.

Ẹ mọ̀ ọ́n. Nígbà òjò, nǹkan tútù kan, aláwọ̀ ewé, tó rọ̀ bí irun ọmọ tuntun, a máa bo ara òkúta àti ẹnu kànga. Mọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é nílé ẹ̀kọ́. Mọ́ọ̀sì kì í ní òdòdó, bó ti wù kó pẹ́ láyé tó. Ṣùgbọ́n àwọn ewéko kéékèèké kan wà tí wọ́n ń múra bíi mọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì ń yọ òdòdó bí àwọn ewéko ńlá. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni pé kí n mọ èyí tó jẹ́ mọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí èyí tó kàn yá aṣọ rẹ̀ wọ̀.

Ní Ìbàdàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ilé kan wà tí a ń kó ewéko gbígbẹ sí. A ń lẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé, a sì ń tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù ní agbo ilé agbo ilé. Bí ewéko kan bá dé, ohun tí a ń bi í kò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn àgbà wa ń bi àlejò: ọmọ agbo ilé wo ni ọ́? Òdòdó ni ẹnu tó fi ń dáhùn. Èyí tí kò bá ní òdòdó, odi ni lójú wa.

Màmá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó rí ewéko kan nínú omi ní agbègbè Ejinrin, lẹ́bàá ọ̀sà. Ó ní òun rí iṣan nínú igi rẹ̀, mọ́ọ̀sì kì í sì í ní irú iṣan bẹ́ẹ̀. Ó ní ewéko olódòdó ni, àti pé bí òun bá rí òdòdó rẹ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ọmọ agbo ilé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Mayaka. Wọ́n mọ agbo ilé yìí dáadáa lódìkejì òkun, wọ́n sì mọ ọmọ rẹ̀ kan ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì fi í hàn lọ́dọ̀ tiwa. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ bi í pé òdòdó rẹ̀ dà? Kò sí. Wọ́n gbé ewéko náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ọ̀sì, wọ́n sì sọ Màmá ní Ìyá Mọ́ọ̀sì. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé àwa tí a dé lẹ́yìn rò pé oyè ni.

Lọ́dún yìí ni dókítà sọ fún un pé ojú rẹ̀ ń lọ, àti pé kò ní pẹ́ lọ tán. Màmá ránṣẹ́ pè mí. Kò sunkún. Ó ní, "Ràfíátù, mo fẹ́ fojú mi rí òdòdó yẹn. Bí kò bá sì ní òdòdó, jẹ́ kí n mọ̀ pé èmi ni mo ṣì í, kí n lè sinmi." Mo di ẹrù mi.

Ìkòròdú

Ọ̀dọ̀ Ṣadé ni mo kọ́kọ́ wọ̀ sí, ẹni tí a jọ ka ìwé. Inú ẹ́sítéètì kan ló ń gbé, kọjá ibùdókọ̀ Agric. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Marina, lódìkejì ọ̀sà. N kò rí ọkùnrin náà sójú ní gbogbo ìgbà tí mo fi jẹ oúnjẹ rẹ̀. Kí àkùkọ tó kọ, ó ti jáde. Kó tó wọlé, mo ti sùn. Bàtà rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Bí bàtà dúdú bá wà lẹ́nu ọ̀nà, baálé wà nílé, kí oníkálukú rọra sọ̀rọ̀. Gbogbo ilé tó wà ládùúgbò náà ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkùnrin ló kọ́ àwọn ilé náà, ṣùgbọ́n àlejò tó ń wá sùn ni wọ́n jẹ́ níbẹ̀.

Mo jáde sí Agric láàárọ̀ kí n lè rí ìlú. Àwọn ènìyàn tò lórí ìlà, wọ́n ń dúró de ọkọ̀, mo sì kí wọn bí a ti ń kí ara wa nílé. Mo ní ẹ kú ìdúró o. Ọkùnrin kan gbé báàgì rẹ̀ láti apá ọ̀tún sí apá òsì. Òmíràn ní òun ò ní ṣéńjì. Obìnrin kan ṣoṣo ló dáhùn.

"Ẹ kú ìdúró, mà. Ẹ ẹ̀ kì í ṣe ará ibí."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó hàn," ló wí. Ó tún fi ẹ̀rín sí i, kó má baà dun mí.

Ṣadé se ìkọ́kọrẹ́ fún mi, nítorí pé ìyá ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ọ. Iṣu ewùrà ni wọ́n ń rin, tí wọ́n á sì sè é pọ̀ mọ́ epo, ata àti ẹja. Ó bù ú fún mi. Mo fọwọ́ lẹ́rán. Ṣadé bi mí pé kí ni mo ń wò. Mo ní mo ń dúró de ọbẹ̀. Ó ní ìkọ́kọrẹ́ yẹn ni ọbẹ̀. Mo ní oúnjẹ ńkọ́? Ó ní ìyẹn náà ni. Mo jẹ ẹ́, ó dùn, ṣùgbọ́n títí mo fi jẹ ẹ́ tán, ọkàn mi kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni mo ṣàkíyèsí àpótí gíláàsì kan ní pálọ̀, ẹja pupa mẹ́rin ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Nísàlẹ̀, láàárín òkúta wẹ́wẹ́, ewéko kékeré kan wà tó rí múlọ́múlọ́. Mo yọ awò mi jáde, èyí tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, mo gbé iwájú orí lé gíláàsì. Ewé rẹ̀ tín-ín-rín, wọ́n sì yí igi rẹ̀ ká gẹ́lẹ́ bí Màmá ti ṣàpèjúwe. Mo ka ewé. Mo yí sí apá kejì, mo tún kà á. Mo ti ń ronú ohun tí mo máa sọ fún Màmá lórí fóònù nígbà tí Ṣadé jáde, tó nu ọwọ́ rẹ̀ nù, tó sì wò mí títí.

"Ràfíá," ó wí, "rọ́bà ni o."

Ó ní ìta Agric lòun ti rà á, wọ́n sì ní aláwọ̀ pupa náà.

Ọjà Olúwo

Ẹ̀pẹ́ ni mo gbà lọ lẹ́yìn ìyẹn, nítorí mo rò pé ohun tó bá wà nínú ọ̀sà, àwọn tó ń ná ọ̀sà lọ́jà yóò ti rí i. Ṣé ẹ mọ bí a ṣe ń ka ẹja sí nílé? A ń ra èyí tó ti gbẹ, tó ká ìrù mọ́ ẹnu, a sì ń fi í sọ pé ọbẹ̀ wa ní ẹja. Ẹ gbà mí gbọ́, a ò tíì rí ẹja. Ní Ọjà Olúwo, òbòkún ń fi irun imú wo ojú yín. Ẹ̀pìyà ń sọ kúlú nínú ọpọ́n. Èéfín ẹja yíyan gbé mi mọ́ra kí n tó sọ̀kalẹ̀, ó sì bá mi dé Ìbàdàn nínú ìbòrí mi.

Lápá kan, àwọn obìnrin ń ta akàn. Wọ́n kó akàn láàyè sínú agbọ̀n, wọ́n sì fi ewé omi tútù bò ó kó má baà gbẹ, kó má baà kú kó tó délé oníbàárà. Mo lóṣòó ti agbọ̀n kan, mo yọ awò mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ewé náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Wolé-wolé ti dé o!"

N kò mọ ẹni tó kígbe. Ṣùgbọ́n kí n tó gbójú sókè, wọ́n ti da aṣọ bo gbogbo ọpọ́n tó wà níwájú mi, ẹnìkan sì ti ń gbálẹ̀ tí kò ní ìdọ̀tí kankan. Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, n kì í ṣe wolé-wolé." Ọ̀kan nínú wọn ní bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó wá kẹ́yìn ṣe wí. Ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sùkúrà, tó ń ta òbòkún, fọwọ́ lé ìdí, ó ní:

"Àǹtí, ẹni tí kì í ṣe wolé-wolé máa ń ra ẹja."

Mo ra òbòkún kan. Wọ́n ṣí gbogbo ọpọ́n padà. Mo wá bi í pé níbo ni wọ́n ti rí ewé tó wà lórí akàn yìí.

"Ewé lẹ fẹ́ rà àbí akàn?"

Mo ní ewé.

Ó kọjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹ wá gbọ́ o. Ewé ló fẹ́ mú o, ó fẹ́ fakàn sílẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnìkan fi ń di ìhà mú. "Madam, you no well o," ọ̀kan wí, ṣùgbọ́n ó sún àpótí fún mi kí n fi jókòó.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ẹni tó ni agbọ̀n náà sọ̀rọ̀. Obìnrin gíga kan ni, ó wé gèlè funfun, kò sì tíì sọ nǹkan kan láti ìgbà tí mo ti ń tú ẹrù rẹ̀. Ìlàjẹ ni, wọ́n sì ń pè é ní Ìyá Ìjọ nítorí ipò tó dì mú ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn. Ó ní abúlé àwọn lórí omi ni ewé náà ti wá, lápá Ejinrin. Ó ní bó bá jẹ́ ewé ni mo fẹ́, kí n bá òun lọ, kí n ká a dé ibi tó bá wù mí.

Mo ti rí fọ́nrán kan báyìí láàárín ewé tó kù, kò gùn ju ìka mi lọ. Mo fi abẹ gé igi rẹ̀, mo gbé awò lé e. Iṣan wà nínú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé òbòkún mi sí ẹsẹ̀ Ìyá Sùkúrà. Ó fi í ránṣẹ́ tẹ̀lé mi dé ìdíkọ̀ Ejinrin pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé wolé-wolé kì í gbàgbé ẹja, òun ti wá gbà mí gbọ́.

Abúlé

Mi ò ní í sọ orúkọ abúlé náà. Mo ti ṣèlérí, nítorí pé tí àwọn àwòdì ewéko bí èmi bá gbọ́, wọn ò ní fi ewé kan sílẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí mo lè sọ ni pé ọkọ̀ ojú omi ló gbé wa débẹ̀ láti Ejinrin. Ní Ìgbẹ́tì, orí òkúta ni wọ́n bí wa sí; ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa kì í mì. Mo di etí ọkọ̀ náà mú tọwọ́tọwọ́. Ìyá Ìjọ ní tí mo bá dì í mú, kò sọ pé kó má rì, ìka mi ló kàn máa rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì tú u sílẹ̀.

Wọ́n fún mi ní púpurú àti ọbẹ̀ akàn. Púpurú funfun, ó lẹ̀, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì ń rùn èéfín díẹ̀. Akàn ni mi ò mọ ọ̀nà rẹ̀. Gbogbo ilé jẹ tiwọn tán, èmi ṣì ń bá ẹsẹ̀ kan jìjàkadì. Kò sẹ́ni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá arúgbó kan kàn gba akàn náà lọ́wọ́ mi, ó fi eyín fọ́ ọ, ó dá a padà sínú àwo mi, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Ìwà wọn kan yà mí lẹ́nu. Nílé wa, kí àlejò tó fìdí lélẹ̀, a ti mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́. Mo ní mo wá òdòdó kékeré kan. Wọ́n mi orí pé àwọn gbọ́. Mo ní Mùsùlùmí ni mí. Wọ́n tún mi orí.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ìṣàn omi kékeré kan ń ṣàn lórí iyanrìn funfun lọ sínú ọ̀sà. Omi náà mọ́ gaara. Omi ìjọ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ̀ fún àdúrà, bàtà kì í sì í débẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Ìyá Ìjọ ti ń já ewé tó fi ń bo akàn. Mo bọ́ bàtà mi. Mo wọ inú omi. Ewéko Màmá wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tẹ́ bí ẹní.

Kò sí òdòdó kan.

Ṣùgbọ́n mo mọ ìdí rẹ̀. Ewéko yìí kì í yọ òdòdó nígbà tí orí rẹ̀ bá wà nínú omi. Òjò ti dáwọ́ dúró, omi sì ń fà lójoojúmọ́. Lórí àwọn kan, mo rí ohun tó rí bí orí abẹ́rẹ́. Ìrudi ni. Ohun tó kù ni kí n dúró.

Lẹ́nu omi

Báyìí ni mo ṣe ń dúró: láàárọ̀ kùtùkùtù, mo á wọ inú omi, mo á kúnlẹ̀, mo á dorí kodò títí imú mi á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, awò lójú, mi ò ní sọ̀rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bákan náà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹni tó bá rí mi lókèèrè, kí ni yóò rò?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbójú sókè, mo rí àbẹ́là kan tí wọ́n tàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rò pé ẹnìkan gbàgbé rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì ìyẹn, àbẹ́là ti di méje, wọ́n sì gbé ẹ̀kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin jókòó sí èbúté, wọ́n rọra ń kọrin. Ìyá Ìjọ wọ inú omi wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì mí.

"Arábìnrin," ó wí jẹ́jẹ́, "a ò bi ọ́. Ẹni tó ń bèèrè nǹkan lọ́wọ́ Olúwa kì í sọ ọ́ fún ènìyàn."

"Mà, òdòdó ni mo ń wá. Mo sọ fún yín lọ́jọ́ tí mo dé."

Ó fi ìka lé ètè, ó mi orí, ó sì fẹ̀yìn rìn jáde nínú omi, kó má baà kọ ẹ̀yìn sí àdúrà mi.

Mo lọ bá Wòlíì, bàbá àgbà tó jẹ́ olórí ìjọ náà. Mo ní mi ò gbàdúrà níbẹ̀. Mo ní ewéko ni mò ń wò. Mo tún rán an létí pé Mùsùlùmí ni mí. Ó wò mí pẹ̀lú sùúrù.

"Omi ò bi ọ́ bẹ́ẹ̀, arábìnrin," ó wí. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìkórè ti dé tán, àti pé lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn ọ̀dọ́ yóò tún omi ìjọ ṣe bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún. Wọn yóò fa gbogbo ewé inú rẹ̀ tu títí iyanrìn yóò fi funfun.

Mo wá rí ìdí tí kò fi sẹ́ni tó rí òdòdó yìí rí. Bí òjò bá ti dá, omi á fà, ìrudi á gbérí. Bí ìrudi bá sì ti gbérí, ìkórè á dé, wọ́n á sì fọ omi. Fọ́nrán tó bá ṣẹ́ kù á tún hù nígbà òjò. Láti ìgbà tí ìjọ náà ti wà níbẹ̀ ni òdòdó àti ìkórè ti ń sáré, ìkórè ló sì ń ṣíwájú. Ẹ̀rù bà mí. Màmá ò ní ojú tí yóò fi dúró de ọdún mìíràn.

Mo padà sọ́dọ̀ Wòlíì, mo kúnlẹ̀. Mo ro gbogbo ọ̀rọ̀ Màmá fún un, láti orí kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ọ̀sì títí dé ọ̀rọ̀ dókítà. Bàbá náà fetí sí mi dópin.

"Omi tí kò mọ́, báwo la ṣe fẹ́ gbé e síwájú Ọlọ́run?" ó wí. "Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ èyí tó o sọ, mo sì gbọ́ èyí tí o ò sọ."

Èyí tí mi ò sọ kò sí. Mo jáde, mo lọ jókòó sétí omi, mo sì sunkún níbẹ̀. Àwọn obìnrin rí mi. Wọ́n tan àbẹ́là sí i.

Ọjọ́ Ẹtì

Àwọn ọ̀dọ́ dé pẹ̀lú réèkì àti apẹ̀rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀sà, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fa ewé tu. Mo lọ dúró ní ibi tí ìrudi pọ̀ sí jù. Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ṣé mo fẹ́ bá ọmọ ọlọ́mọ jà nínú omi àdúrà wọn ni? Mo kàn kúnlẹ̀ bí mo ti ń ṣe, mo gbé awò sójú, mo sì ń gbọ́ tí réèkì ń bọ̀.

Ìró réèkì dúró. Mo gbójú sókè. Ìyá Ìjọ ti wọ inú omi, ó kó imọ̀ ọ̀pẹ dání. Ó gún ọ̀kan mọ́lẹ̀ lápá ọ̀tún mi, ọ̀kan lápá òsì, méjì lẹ́yìn.

"Ibi téèyàn ń gbé bèèrè," ó sọ fún wọn, "a kì í gbálẹ̀ ibẹ̀."

Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Wòlíì dúró lókè, ó mi orí. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n sì fọ omi náà bí ẹní fọ àwo. Ó ku ojú ẹní kan péré láàárín, tó dúdú fún ewé, tí èmi wà nínú rẹ̀ lórí eékún mi. Mo fẹ́ dúpẹ́, ṣùgbọ́n Ìyá Ìjọ tún ti fi ìka lé ètè.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan omi, ó ṣí.

Kò tó èékánná ìka mi tó kéré jù. Ewé òdòdó mẹ́ta, funfun, wọ́n ní àwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ létí. Ewé ìta mẹ́ta. Ọ̀pá tín-ín-rín tó ru ìyẹ̀fun, mẹ́ta. Mẹ́ta-mẹ́ta ni agbo ilé Mayaka ń ṣe nǹkan wọn. Mo kà á léraléra, n kò sì mọ ìgbà tí mo fò dìde tí mo ké pé:

"Alihamudulilahi!"

Àwọn akọrin tó ń múra ìkórè nínú ṣọ́ọ̀ṣì dáhùn: "Haleluyah!"

Wọ́n lu agogo. Gbogbo abúlé sáré jáde. Wọ́n wọ inú omi tọmọdétàgbà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọjá imọ̀ ọ̀pẹ. Wọ́n ń bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ń kí mi kú oríire ohun tí wọn ò mọ̀. Mo fi òdòdó náà hàn wọ́n. Mo fún Wòlíì ní awò. Ó tẹ̀ ba, ó wò ó pẹ́.

"Ṣé èyí ni?"

"Òun ni, sà."

"Èyí gan-an?"

"Èyí gan-an, sà."

"O ò wá ṣe sọ fún wa?"

"Mo sọ, sà."

Ó ronú sí i. "Òótọ́ ni," ó wí. "O sọ." Ó dá awò padà fún mi, ó sì ní kí wọ́n máa kọrin lọ, nítorí pé àdúrà gbà, èyí tó wù kó jẹ́.

Ìyá Ìjọ nìkan ni kò kọrin. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú omi.

"Ọmọ ni mo rò," ó wí. "Ọmọ ni mo ti ń gbààwẹ̀ fún."

"Mà, ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ mi nílé."

"Mẹ́ta?"

"Mẹ́ta, mà."

Ó wò mí. Mo rò pé yóò bínú. Ojú tì mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò parọ́ fún un rí. Kò tíì jẹun láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, nítorí mi, nítorí àjèjì kan tó bá pàdé nídìí agbọ̀n akàn.

"Kí ni kí n wá fi ààwẹ̀ náà ṣe báyìí?" ó bi mí. Ìbéèrè gidi ni, kì í ṣe ẹ̀gàn.

Mo ní kí ó jọ̀wọ́, kó fi í bẹ̀bẹ̀ fún ojú Màmá. Ó bi mí ní orúkọ rẹ̀. Mo sọ ọ́. Ó sọ ọ́ sórí omi lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì lọ bu oúnjẹ.

Ìbàdàn

Mo kó òdòdó mẹ́rin bọ̀ nínú ìgò kékeré, nínú ọtí tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́. Mo fi ìyókù sílẹ̀ láàárín imọ̀ ọ̀pẹ.

Màmá jókòó sójú fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo gbé òdòdó kan sórí àwo, mo fún un ní awò tó lágbára jù lọ. Ó gbé e sún mọ́ ojú ọ̀tún, kò rí i. Ó gbé e sí ojú òsì, ó yí orí díẹ̀, ó dúró. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì.

"Ọ̀kan," ó wí. "Èjì. Ẹ̀ta."

Ó ka ọ̀pá ìyẹ̀fun. Ó ka ewé ìta. Ó wo ẹnu àpò ìyẹ̀fun náà títí, nítorí ibẹ̀ la ti ń mọ ọmọ Mayaka kan yàtọ̀ sí èkejì, ó sì ní èyí nílò kí a fi wé ti ìsàlẹ̀ Áfíríkà kí a tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ti agbo ilé rẹ̀, kò sí iyèméjì. Mo dúró kó yọ̀. Mo ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀ dè é.

"Ọ̀gá àgbà tó ní kí n lọ wá òdòdó wá ńkọ́?" ó bi mí.

"Wọ́n ti kú, Màmá. Ó ti pẹ́."

"Èyí tó sọ mí ní Ìyá Mọ́ọ̀sì?"

"Àwọn náà ti kú, mà."

"Ẹni tó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn?"

Òun náà ti lọ. Màmá mọ̀. Ó gbé awò sílẹ̀ lórí itan rẹ̀.

"Ta ni mo wá fẹ́ sọ fún?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ fi kúrò lójú fèrèsé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín, ẹ̀yin ará Ìgbẹ́tì. Ẹ ò mọ Màmá, ẹ ò bá a jiyàn rí, ọ̀rọ̀ mọ́ọ̀sì ò sì kàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ wà láyé. Ó ní kí n sọ fún yín pé òdòdó ni.